Bí Mo Ṣe Lọ Gbé Àkànní Wálé láti Ṣájà

Káyọ̀dé Àkànní, ọmọ Oyèbọ̀dé, ọmọ Oníkòyí, ọmọ ẹ̀ṣọ́ tí í fi àyà gba ọfà, tí kì í kọ ẹ̀yìn sógun. Àkànní arìnjìnnà-má-gbàgbé-ilé, apọ́nbéporẹ́ ọmọ Àbẹ̀ní. Òun ni mo lọ gbé. Èmi Àbẹ̀ní, ìyá rẹ̀, ni mo ń kọ èyí. Ìwé díẹ̀ ni mo kà, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé orúkọ ẹnikẹ́ni tó ràn mí lọ́wọ́ lójú ọ̀nà.

Wọ́n ní ó sùn ní Ṣájà, ìlú Lárúbáwá kan nítòsí Dùbáì, kò jí. Àwọn ará ilé ní ìyá kì í lọ gbé òkú ọmọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ìbá lọ? Èmi nìkan ni mo ní pásípọ́ọ̀tù nínú ilé, Káyọ̀dé ló sì ṣe é fún mi nígbà tó rán mi lọ sí Jerúsálẹ́mù. Mo ní màá lọ, n kò ní í wò ó lójú.

Àkùkọ kò tíì kọ tí Súlè awakọ̀ fi dé láti gbé mi lọ sí Èkó. Bàbá Délé, àbúrò ọkọ mi olóògbé, dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó wa, ẹ sáà gbé e bọ̀. Ẹ̀bá pèrègún ààlà la ó sin ín sí. Bí sàréè ọmọ Oníkòyí bá ti wà níbẹ̀, ta ló tún máa sọ pé ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwa?"

Ilẹ̀ oko wa àti ti ilé Alágbẹ̀dẹ ló pààlà. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan fa pèrègún kan tu níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a rí ewúrẹ́ Bàbá Délé tí wọ́n ti ṣá lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn ewúrẹ́, abà Bàbá Oyèwọlé, olórí ilé Alágbẹ̀dẹ, jóná. Ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó ṣe é, ṣùgbọ́n kálukú ló mọ ẹni tó wù ú kó jẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ilé méjèèjì ti ń pọ́n àdá. Mo wọ ọkọ̀ Súlè, a gbéra.

Fẹ́mi ọ̀rẹ́ Káyọ̀dé ló pàdé mi ní Dùbáì. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe irú tiwa. Ńṣe ló dà bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò tó ń hó lé ojú. Títì wọn tẹ́jú, kò sí kòtò kan, kò sì sí ẹni tó ń ta nǹkan lójú ọ̀nà. Gúlù, ará Pakísítánì, ló wakọ̀ gbé wa lọ sí Ṣájà. Bí ọkọ̀ bá ti dúró díẹ̀, yóò ní "Yalla!", èyí tí í ṣe "ó yá" ní èdè Lárúbáwá. Fẹ́mi ní ọba tibí ọ̀tọ̀, ọba tọ̀hún ọ̀tọ̀. Mo wá ń wo ọ̀nà kí n lè rí ààlà wọn.

"Fẹ́mi, bi í léèrè, níbo ni ìlú méjèèjì ti pààlà?"

Gúlù rẹ́rìn-ín. Fẹ́mi ní, "Màmá, ó ní a ti kọjá ẹ̀ tipẹ́. Ó ní ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n so ajá mọ́ ọn ni?"

Ibi tí Káyọ̀dé ń gbé, bẹ́ẹ̀dìsípéèsì ni wọ́n ń pè é: bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo nínú yàrá tí àwọn ọkùnrin mélòó kan jọ ń sùn. Aṣọ ìkélé ni wọ́n ta láàárín bẹ́ẹ̀dì kan àti èkejì. Ìyẹn ni ògiri wọn. Emeka wà níbẹ̀, àti Jósẹ́fù ará Íńdíà, àti Ìmíránù. Àyè ṣọ̀wọ́n fún wọn gidi, síbẹ̀ kò sí ẹni tó tẹ́ nǹkan kan kọjá aṣọ ìkélé ọmọ mi. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Emeka ní, "Mama, sorry o," ó sì bojú wo ògiri.

Ní ọjọ́ kejì, a lọ kí ọ̀gá rẹ̀ ní Al Kúúsì ní Dùbáì, níbi tí ilé ìkẹ́rùsí pọ̀ sí. Ará Ṣáínà ni, Mísítà Wéì, àgbàlagbà bíi tèmi. Ó bu tíì tí kò ní ṣúgà fún mi. Ó ní Káyọ̀dé kì í jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ jà. Ó wá béèrè ibi tí a ó sin ín sí. Mo ní kí Fẹ́mi sọ gbogbo rẹ̀, pèrègún, ewúrẹ́, abà, títí kan ohun tí Bàbá Délé wí.

Mísítà Wéì gbé ife tirẹ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, Fẹ́mi ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní ìyá ìyá òun wà lọ́mọdé nítòsí afárá kan ní Ṣáínà, níbi tí sójà Jàpáànù àti sójà Ṣáínà ti sún mọ́ ara wọn. Ṣáájú ìgbà náà, ní apá àríwá, nǹkan ti bú gbàmù lẹ́bàá ojú irin rélùwéè. Àwọn sójà Jàpáànù ni wọ́n dá a sílẹ̀ fúnra wọn. Kò tilẹ̀ ba irin náà jẹ́ tó bẹ́ẹ̀, rélùwéè kọjá níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n dì í ru àwọn ará Ṣáínà, wọ́n sì fi gba ilẹ̀ rẹpẹtẹ. Nígbà tó wá di ti afárá yìí, sójà Jàpáànù ń ṣe ìdánrawò lóru, ìbọn dún, wọ́n ka ara wọn, wọn kò rí ẹnìkan. Wọ́n ní àfi kí àwọn wọ inú ìlú lọ wá a. Àwọn ará ìlú kò gbà.

Mo ní, "Ṣé wọ́n ti pa á ni?"

"Rárá o, Màmá," ni Fẹ́mi wí. "Ó ní kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi padà. Àwọn kan ní ìgbẹ́ ló lọ yà, àwọn kan ní ó ṣìnà ni."

"Ó padà, wọ́n sì tún jà?"

"Wọ́n jà. Ó ní ọdún gbọọrọ ni. Gbogbo ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà ẹ̀ ló bá a lọ."

Mísítà Wéì tún sọ gbólóhùn kan. Fẹ́mi kò fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Mo ní kó túmọ̀ ẹ̀. "Ó ní ẹni tó ń wá ìjà kò nílò òkú. Ẹ̀yin wá fẹ́ gbé òkú gidi fún wọn."

Tíì náà tutù sí mi lọ́wọ́.

Nígbà tí a padà, a yà ní Káráámà, àdúgbò kan ní Dùbáì, Fẹ́mi ra paráta, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n dín, pẹ̀lú tíì oníwàrà tí owó rẹ̀ kò wọ́n. N kò lè jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni Bàbá Délé ti pè.

"Ìyàwó wa, a ti ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́lẹ̀ lóko. Àwọn ọmọ wa máa dúró yí i ká. Kí ilé Alágbẹ̀dẹ wá sún mọ́ ọn."

"Ọkọ mi, ẹ ní kí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ náà padà sínú ihò. Ọmọ mi kì í ṣe pèrègún."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní ọmọ mi kì í ṣe pèrègún tí wọ́n ń rì mọ́ ààlà. Ẹ sin ín sí itẹ́ òkú ìjọ."

"Obìnrin kì í bá wa dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀! Ṣé ẹ ti gbàgbé ilé tí ẹ fẹ́ sí ni? Ọmọ ẹ̀ṣọ́!"

"N kò gbàgbé. Ẹ̀ṣọ́ tó wà láàyè ló ń lọ sógun. Èyí ti sùn. Bí ẹ bá kọ̀, màá fi í sílẹ̀ níbí, Fẹ́mi á bá mi wá ilẹ̀ fún un láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n."

Mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n bó bá ní kí n fi í sílẹ̀ lóòótọ́, n kò mọ bí n ó ṣe padà wálé. Mo gbọ́ tí Bàbá Délé ń fa imú. Òun ló kọ́ Káyọ̀dé bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́.

"Ẹ gbé e bọ̀," ló wí.

Ọkọ̀ òfurufú kan náà ló gbé wa. Ọmọ mi wà nísàlẹ̀, èmi wà lókè.

Súlè ló tún gbé mi dé ilé. Ohun tí mo kọ́ nínú ìrìn àjò yìí kò ju èyí lọ: nǹkan kékeré ni í bẹ̀rẹ̀ ogun, ẹni tó bá wà nítòsí rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré ni kó gbé e kúrò nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà kò tíì parí. Ẹnu ni wọ́n ṣì fi ń sọ ọ́.

Òbí kì í rí sàréè ọmọ, nítorí náà inú ilé ni mo jókòó sí. Wọ́n ní Bàbá Oyèwọlé wá sí ìdí sàréè, ó ṣí fìlà, ó dúró ti Bàbá Délé. Wọ́n kò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n sin Káyọ̀dé, ní itẹ́ òkú ìjọ wa.