Òkè Tí Ó Kọjá Ekiadolor

Wọ́n ní iná sọ lórí òkè tí Morọ́láyọ̀ Jayéọlá lọ, pé ó jó yí i ká, kò sì jó o. Wọ́n ní ọjọ́ méje gbáko ni kò fi ẹnu kan oúnjẹ, kò fi kan omi. Ìyàwó Ọlájídé tó ń ta ìwé ní Uselu, nílùú Benin níbí, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn Yorùbá, àwa tí a gbọ́ ọ sì gba ìdajì rẹ̀ gbọ́. Obìnrin náà dúdú ju bó ṣe lọ, ó fọn díẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń dán. Ta ló máa rí irú ojú bẹ́ẹ̀ tí kò ní sọ pé Ọlọ́run ló fọwọ́ kàn án?

Oòrùn ló fọwọ́ kàn án.

Morọ́láyọ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọ́fíìsì ìjọba ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Bí fáìlì ogún ọdún sẹ́yìn bá sọnù, òun ni wọ́n ń pè. Ọdún mẹ́ta rèé tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Dámilọ́lá ọmọ rẹ̀ wà nílé ọkọ ní Àbújá, bí ìyá bá sì fi Yorùbá bi í léèrè, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá a lóhùn. Nínú ìjọ, Morọ́láyọ̀ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ẹni tí kì í pẹ́ dé, tí kì í parọ́. Ìyẹn gan-an ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bí òpùrọ́ bá ní òun ń lọ sórí òkè, a ó tẹnu mọ́ ìbéèrè títí a ó fi mọ òkè náà.

Olúfúnkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtìgbà ọmọge, òṣìṣẹ́ báńkì tó ń gbé ní GRA, ló mú ọ̀rọ̀ erékùṣù náà wá. Príńsípè ni wọ́n ń pè é, láàárín òkun, níbi tí òkè ti yọ iná láyé ijọ́un, tí iná ọ̀hún ti kú, tí igbó sì ti bò ó mọ́lẹ̀. Èèyàn ò pọ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ ò pọ̀. Ẹyẹ ló pọ̀. Ìníolúwa, tí àwọn méjèèjì mú bí àbúrò, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì ní Ekiadolor, fò sókè nígbà tó gbọ́. "Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń ya ìjàpá òkun sójú pátákó, mi ò tíì fojú kan ọ̀kan rí!"

Ó wu Morọ́láyọ̀ débi pé ó bà á lẹ́rù. Opó, akọ̀wé ẹgbẹ́ ìyá, ń lọ wẹ̀ lókun! Ọ̀sẹ̀ ìsọjí àwọn ìyá ni ọ̀sẹ̀ náà sì tún bọ́ sí. Nígbà tí Màmá Títíloyè, àgbà nínú ẹgbẹ́ náà, bi í léèrè ìdí tí kò fi ní sí nílé, ẹnu rẹ̀ yá ju ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ lọ.

"Orí òkè ni mò ń lọ, mà. Ọjọ́ méje."

"Háà! Ti ọ̀nà Ekiadolor?"

"Ó kọjá Ekiadolor díẹ̀, mà."

Kò parọ́. Òkè ni, ó sì kọjá Ekiadolor. Ṣùgbọ́n Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé bí ọmọ ìjọ bá ní òun ń lọ sórí òkè, ààwẹ̀ àti àdúrà ló ń lọ ṣe? Ilẹ̀ Benin tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, síbẹ̀ àwa ní orí òkè bíi mẹ́rin níbẹ̀, tí èèyàn ò lè rí òkúta kan he nínú wọn.

Màmá Títíloyè ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹsẹ̀ tó ń wú ló lé e kúrò lọ́jà Uselu, tí kò jìnnà sílé rẹ̀. Ó di ọwọ́ Morọ́láyọ̀ mú. "Bá mi gbé orúkọ Gbéminíyì ọmọ mi lọ síbẹ̀. Ọdún méjì rèé tí ọmọ yẹn ò pè mí."

"Màá gbé e lọ, mà," ni Morọ́láyọ̀ wí. Kí ọkọ̀ tó gbé e dé Èkó, ó ti gbàgbé.

Ọjọ́ méje yẹn dùn jọjọ. Bàtà òjò tó rà ní Uselu ló fi gun òkè. Ó ti sọ fún ẹni tó tà á pé oko lòun ń lọ. Amọ̀nà wọn, tí kò gbọ́ ju èdè Potogí lọ, so okùn mọ́ igi, wọ́n sì ń di okùn náà fa ara wọn gòkè nínú ẹrẹ̀. Ìníolúwa ń fọwọ́ kan ewé gbogbo. Olúfúnkẹ́ jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó ní kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n bá òun kí àwọn ọmọ òun.

Bẹ́ẹ̀ ni ariwo sọ lókè orí wọn. Odídẹrẹ́! Èyí tí à ń rí nínú àgò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ló ti ń fò lọ́wọ̀ọ́wọ́, ìrù pupa, ariwo bíi ti ẹgbẹ́ akọrin tí ọ̀gá wọn ò tíì dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o," Ìníolúwa ní. "Ẹyẹ tó ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Wọ́n á ti dé ìjọ yín kí ẹ tó dé."

Morọ́láyọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú. Kò tíì rín irú rẹ̀ látìgbà tí bàbá Dámilọ́lá ti lọ. Nígbà tí wọ́n dé ṣóńṣó òkè, tó rí òkun tó yí ayé ká, ó ní, "Olúwa, ẹ ṣé." Àdúrà kan ṣoṣo tó gbà lọ́sẹ̀ náà nìyẹn, yàtọ̀ sí ti oúnjẹ. Ti oúnjẹ pọ̀, nítorí ẹja yíyan àti gbẹ̀rẹ̀fútù sísun, èso tó ń jẹ bí iṣu, kì í tán níwájú wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹfà, wọ́n dúró létí òkun. Àwọn ọmọ ìjàpá òkun, tí ọ̀kan wọn ò ju àtẹ́lẹwọ́ ìkókó lọ, ń wọ́ lórí iyanrìn lọ sínú omi. Ọ̀kan yí, ó fẹ̀yìn lélẹ̀. Morọ́láyọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti yí i, amọ̀nà sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó mi orí: kó jẹ́ kó dìde fúnra rẹ̀. Ó tiraka, ó dìde, ó bá tiẹ̀ lọ. Ìníolúwa ń sunkún bí ọmọdé. Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀.

Nígbà tí Morọ́láyọ̀ délé ló mọ ohun tí Màmá Títíloyè ń ṣe ní aago mẹ́fà yẹn.

"Ìwọ lórí òkè, èmi ní yàrá," ni màmá wí. "Ṣé kí o máa febi panú nítorí ọmọ mi, kí èmi máa jẹun? Mo gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi ń ṣínu. Lọ́jọ́ kẹfà, bí mo ṣe gbé ife sẹ́nu, Gbéminíyì pè! Ó ní, 'Màmá mi.' Mo ní, Morọ́láyọ̀ ti dé ibẹ̀!"

Ẹsẹ̀ màmá ti wú dé orúnkún. Morọ́láyọ̀ wò ó. Ní ìpàdé àwọn ìyá, wọ́n ní kó jẹ́rìí. Ó dìde láti jẹ́wọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Òkè yẹn, iná ti jáde nínú rẹ̀ rí." Gbogbo ilé hó: "Iná!" Ibẹ̀ ni iná ìyàwó Ọlájídé ti ràn.

Ní ọ̀sán Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, màmá ránṣẹ́ sí i. Ayọ̀bámi oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yóò gbé òun láàárọ̀ ọ̀la lọ sórí òkè náà láti lọ dúpẹ́: ọjọ́ mẹ́ta, láìsí omi. Bí àwọn bá ti kọjá Ekiadolor, àwọn á máa bèèrè.

Morọ́láyọ̀ gba ilé Olúfúnkẹ́ lọ. Ìníolúwa wà níbẹ̀, ó ń wo fọ́tò odídẹrẹ́ lórí fóònù.

"Pè é, kí o ní wọ́n ti ti òkè náà pa," Olúfúnkẹ́ ní.

"Wọ́n ń ti òkè pa?"

"Ní ìjọba ló tì í! Kí ló kàn wá?"

"Ẹ jẹ́ kí màmá lọ," Ìníolúwa ní. "Ilé ìwé wa nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n á yípo, wọ́n á padà."

"Orí òkè mélòó ló wà lọ́nà yẹn, Ìní? Èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ júwe fún un ló máa wọ̀. Láìlo oògùn, láìmu omi. Ṣé o rí ẹsẹ̀ yẹn?" Morọ́láyọ̀ bi í.

Ìníolúwa pa fóònù rẹ̀.

"O ò ro tèmi," Olúfúnkẹ́ ní. "Kọ́ọ̀sì báńkì ni Olúfẹ́mi ọkọ mi rò pé mo lọ. Díákónì ni! Bí o bá sọ fún màmá lónìí, kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, á ti dé etí rẹ̀. Kí ló dé tí o ò tiẹ̀ ro ti màmá alára? Gbéminíyì pè é! Ṣé wàá wá sọ fún un pé ẹja lò ń jẹ nígbà tí Ọlọ́run ń dáhùn?"

"Òun ni Ọlọ́run dáhùn. Èmi ni wọ́n ń yìn."

"Fóònù wà níbí. Pè é, kí o rọra dá a dúró," Olúfúnkẹ́ ní.

"Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti fóònù. Ti orúnkún ni."

Ó jáde sẹ́yìn ilé, ó fa bàtà òjò náà yọ lẹ́yìn táńkì omi níbi tó fi wọ́n pamọ́ sí. Ẹrẹ̀ Príńsípè ti gbẹ mọ́ wọn. Ó gbé wọn mọ́ abíyá.

"Morọ́láyọ̀! Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá Olúfẹ́mi sọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó yá, lọ́túnla! Jayéọlá, ṣebí gbogbo wa la jọ jayé ọ̀hún? Ó kéré tán, má dárúkọ—"

Géètì ti pa dé. Lójú títì, Morọ́láyọ̀ na ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀.

"Uselu," ló ní.