Ìṣó Tí Bàbá Àlíù Fi Sílẹ̀

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí Àlíù gbẹ́nàgbẹ́nà ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì kẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà, ó ń bá bàbá rẹ̀ di pákó mú. Salahudeen, bàbá rẹ̀, ló kan ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀ mẹ́ta ní àwọn abúlé tó yí Èjìgbò ká. Mùsùlùmí ni. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ò bá a jiyàn ẹ̀sìn; ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Ìṣó tó bá gbẹ̀yìn lára ilẹ̀kùn, Salahudeen kì í gbá a wọlé tán. A máa fi orí rẹ̀ sílẹ̀ síta díẹ̀, nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún.

"Èyí ni màá padà wá gbá," ni ó máa ń wí.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn kẹta, ó bá ọkọ̀ Àbíjàn lọ. Lẹ́tà ń dé, lẹ́tà ò dé mọ́. Nígbà ogun tó jà níbẹ̀, ẹnìkan padà wálé, ó ní Salahudeen ti kú. Ẹni náà ò rí sàréè rẹ̀. Sìkírátù, àbúrò Àlíù, ní kí wọ́n ṣe fìdáù. Àlíù ní òun ò ní ṣàdúà òkú fún ẹni tó ní òun ń padà bọ̀. Láti ìgbà náà, ìkíni lásán ló kù láàárín wọn.

Nísinsìnyí ojú Àlíù ti ń ṣú. Ó fẹ́ rí àwọn ìṣó náà kí ojú tó lọ tán. Láàárọ̀ Sátidé kan, ó ké sí Ràmọ́nù, ọlọ́kadà àdúgbò wọn.

"Bàbá, ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta lóòjọ́? Bí Lèmọ́mù bá gbọ́ ńkọ́?"

"Sọ fún un pé ilẹ̀kùn ni mo lọ kí. Máa wa ọ̀kadà rẹ."

Nítòsí Ìsúndúnrin, ògiri ti di búlọ́ọ̀kù, ilẹ̀kùn ti di irin. Àlíù kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó yí padà.

Lẹ́yìn Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ṣọ́ọ̀ṣì kejì ti wó. Ẹ̀gẹ́ ló wà níbi tí àwọn èèyàn ń kúnlẹ̀ sí. Ẹni tó ni ẹ̀gẹ́ ní àwọn ti fi ilẹ̀kùn náà dáná gàrí tipẹ́. Àlíù fi ẹsẹ̀ wá ibi tí ẹnu ọ̀nà wà, ó dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Ní abúlé kẹta, ilẹ̀kùn náà wà. Màmá Títílọpẹ́, tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì, ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Àlíù kí i, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ìsàlẹ̀ pákó náà. Ó dán. Ó gbé ojú sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi kan igi.

"Bàbá, kí lẹ ń wá?"

"Ìṣó kan, Màmá. Orí rẹ̀ yọ síta."

"Ìṣó burúkú yẹn! Ó ti ya ìró mi mẹ́ta. Nígbà Àjíǹde tó kọjá ni mo bínú, mo fi òkúta gbá a wọlé. Ta tiẹ̀ ni gbẹ́nàgbẹ́nà ọ̀lẹ yẹn?"

"Bàbá mi ni."

Ìgbálẹ̀ dúró lọ́wọ́ ìyá náà.

"Ẹ má bínú. N ò mọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n wá òòlù, kẹ́ ẹ yọ ọ́ padà."

Àtàǹpàkò Àlíù ti bá orí ìṣó náà. Ó tẹ́jú mọ́ igi; òkúta ti họ pákó yí i ká. Ó fi ọwọ́ síbẹ̀, ó pẹ́.

"Ẹ fi sílẹ̀," ni ó wí. "Ẹ ti bá a parí ẹ̀. Ẹ ṣeun."

Nígbà tí wọ́n wọ Èjìgbò, Ràmọ́nù fẹ́ yà sí àdúgbò wọn. Àlíù fọwọ́ kàn án léjìká.

"Gbé mi lọ sọ́dọ̀ Sìkírátù. Kó sọ Alfa tí a máa lọ bá fún fìdáù bàbá wa."