Ọwọ́ Òsì Ni Mo Fi Ń Jẹun

Mi ò fẹ́ràn kí n máa jẹun nílé èèyàn. Nílé èèyàn, ọwọ́ mi ni wọ́n máa ń wò. Ní búkà, mo ti ra oúnjẹ mi, mo ti jókòó, ọwọ́ tó bá wù mí ni màá fi jẹ ẹ́.

Ọwọ́ òsì ni mò ń lò. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Àgbádárìgì, ìyá mi máa ń fi àkísà di ọwọ́ náà mọ́ mi lẹ́yìn nígbàkígbà tí oúnjẹ bá ti délẹ̀. Inú àwo kan náà lèmi àtàwọn ẹ̀gbọ́n mi ti ń jẹun. Kí n tó fi ọ̀tún bu òkèlè kan tí kò ní já bọ́ sórí ẹní, wọ́n á ti jẹ ẹja tán, wọ́n á máa lá ìka. Ìyá mi ò rò pé òun ń fìyà jẹ mí. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n máa pe ọmọ òun ní àbíìkọ́ níta. Àmọ́ ebi ni mo fi ń sùn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jẹun yó, ọjà Agbalata ni. Mo ti jáde ilé ìwé gírámà nígbà náà, mò ń bá obìnrin kan ta àgbọn. Ìyá Ègùn kan ń ta àmíwò nítòsí àwọn ẹlẹ́ja. Àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á fi omi ata àti epo rò ó títí á fi pọ́n, wọ́n á wá gbé ẹja díndín lé e lórí. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì. Mo wò yíká. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí. Mo ti ọwọ́ òsì bọ inú àwo. Ìyá yẹn rí mi. Ohun tó bi mí kò ju bóyá kí òun fi ata kún un lọ. Mo ní kó fi kún un. Mo jẹ gbogbo rẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó já bọ́.

Àgbọn yẹn náà ló wá di iṣẹ́ mi. À ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá láti Gberefu, a ó wá dà á sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó di Òjó, ó di Abẹ́òkúta, nígbà mìíràn ó di Kútọnu. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ìta ló ti ń jẹun. Obìnrin kan tó ń ta ìrẹsì ní Kútọnu sáré lọ mú fọ́ọ̀kì wá fún mi, ó rò pé òun ràn mí lọ́wọ́. Mo fi òsì gbà á, òsì náà ni mo fi lò ó. Ní Abẹ́òkúta, bàbá kan gbé àwo rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni pé ọbẹ̀ mi lè ràn án. Mo sún sí àyè tó fi sílẹ̀, mo na ẹsẹ̀ mi.

Ti Morogbo le ju gbogbo ìyẹn lọ.

Búkà kan wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan ló ni ín, ilá alásèpọ̀ rẹ̀ kò sì láfiwé. Inú ọkọ̀ lèmi àti awakọ̀ mi ti máa ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, torí pé a máa ń kánjú. Ọjọ́ yẹn, wọ́n ń lẹ táyà wa, la bá wọlé jókòó. Èrò kún inú ṣọ́ọ̀bù. Mo fọ ọwọ́, mo bu òkèlè ẹ̀bà.

"Ìwọ obìnrin yìí!" Ìyá náà pariwo láti ìdí ìkòkò. "Ọwọ́ wo nìyẹn?"

Gbogbo ojú yí sí mi.

"Òsì ni, mà."

"Nínú ṣọ́ọ̀bù mi? Níwájú àwọn oníbàárà mi?"

Awakọ̀ mi, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í fẹ́ ìjà, sáré dá sí i. "Ẹ má bínú, mà. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ló ṣẹ́. Ọ̀kadà ló gbá wọn."

Ojú ìyá náà rọ̀ lójú ẹsẹ̀. "Háà! Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Kí ló dé tó ò tètè sọ?" Ó bu akàn kan láti inú ìkòkò, ó fi sínú ọbẹ̀ mi. Ọkùnrin tó jókòó sí iwájú mi ní Ọlọ́run á wò ó sàn. Àwọn kan ṣe àmín.

Mo wo akàn náà. Ó sanra, ẹyin wà nínú rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti tán. Awakọ̀ mi ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n àánú yẹn dùn mí ju igbe lọ. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi ṣẹ́, wọ́n lè gbà mí. Èmi tí wọ́n bí báyìí, wọn ò lè gbà mí. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi sókè, mo na àwọn ìka rẹ̀, mo dì wọ́n, mo tún nà wọ́n.

"Ẹ ṣé, mà. Ọwọ́ mi ò ṣẹ́. Ọ̀kadà kankan ò gbá mi. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyí."

Ìyá náà rọra rìn wá sídìí tábìlì wa.

"O wá mọ̀ọ́mọ̀ ń fi ọwọ́ tí wọ́n fi ń nùdí jẹun?"

"Rárá o, mà. Ọ̀tún lèmi fi ń nùdí. Ṣé òun lẹ fẹ́ kí n fi jẹun?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ata sì gbé e lọ́fun. Ọkùnrin tó ṣàdúrà fún mi kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ti àwo rẹ̀ sẹ́yìn, ó fọ ọwọ́, ó jáde, ẹran ṣì kù nínú ọbẹ̀ rẹ̀.

"Ṣó o rí i?" ni ìyá náà wí. "O ti lé oníbàárà mi lọ." Ó mú náílọ́nù wá. "Dì í. Lọ jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀ yín."

"Ibí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, mà. Ibí náà ni màá parí ẹ̀ sí."

"Tí mo bá gba àwo yẹn ńkọ́?"

"Ẹ gbà á, mà."

Mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì. Ó wo àwo, ó wò mí. Mi ò mọ ohun tó rò. Ó pòṣé, ó ká náílọ́nù rẹ̀, ó padà sídìí ìkòkò.

Mo jẹun. Mo gbé gbogbo òkèlè mì. Mo fọ́ akàn, mo fa inú rẹ̀ mu. Awakọ̀ mi ti ṣíwọ́. Mo ní kó jẹun. Lẹ́yìn náà mo pè: "Ẹ bá mi fi ẹ̀bà kan kún un, mà."

Mo tún un pè. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, ó jù ú sílẹ̀ gbì níwájú mi, kò sì wo ojú mi.

Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, awakọ̀ mi ní, "Àǹtí, mo fẹ́ gbà yín sílẹ̀ ni."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n má ṣẹ́ mi lọ́wọ́ mọ́."

Búkà pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, mo sì lè yà sí òmíràn. Nígbà tí a tún ń kó àgbọn kọjá, mo ní kí awakọ̀ mi dúró síbẹ̀. Ìyá náà rí mi, ó gbé oúnjẹ mi sẹ́yìn, nídìí igi ìdáná. Mo gbé àwo mi, mo gbé e wá síwájú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é títí ó fi sú u láti máa gbé e lọ sẹ́yìn. Kò bẹ̀ mí, èmi náà ò bẹ̀ ẹ́. Bí oníbàárà tuntun bá ń wò mí, á ní kí wọ́n má dá mi lóhùn, pé olórí kunkun ni mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fa àga kan, ó jókòó tì mí. Ó ní mi ò tíì dàgbà jù, òun lè kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀tún jẹun.

"Ẹ ti jókòó náà, mà," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ́ yín ní ti òsì."

Ó bú mi dáadáa. Mo fi òsì bu òkèlè mìíràn, mo sì ń jẹ oúnjẹ mi lọ.