Gbólóhùn Mẹ́ta Tí Mo Yọ

Dókítà máa ń ki ọwọ́ bọ abíyá ara rẹ̀ kó tó fi kan ikùn aláìsàn. Ó ní ọwọ́ tútù ń mú kí ikùn súnkì, ikùn tó bá sì ti súnkì kì í sọ òótọ́. Bí ọwọ́ bá ti móoru, yóò béèrè pé, "Níbo gan-an ló ń dùn ọ́?"

Ìbéèrè yìí kan náà ló ń bi àwọn ohun tí mo bá kọ. Mo ti yunifásítì dé sí ìlú Ọ̀sì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ńláńlá lẹ́nu, mo sì máa ń gbé ìwé mi lọ bá a nílé ìwòsàn rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Yóò kà á, yóò mi orí.

"Àbúrò, ojú ewé mẹ́rin rèé, n kò tíì rí ibi tó ń dùn."

Bíró pupa rẹ̀ yóò wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi àwọn tó ń to oyè márùn-ún síwájú orúkọ ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà kan, ó wo obìnrin kan láti Òkè-Òpin, ó ní ibà ni. Kì í ṣe ibà, ìfun rẹ̀ ló ti lu. Kí wọ́n tó gbé e dé Ìlọrin, ó ti kú. Gbogbo ènìyàn ní àmúwá Ọlọ́run ni. Dókítà nìkan ni kò gbà. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, yóò lọ kí ọkọ obìnrin náà. Mo bá a lọ lẹ́ẹ̀mejì. Wọn a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Nígbà tí àìsàn wá dá òun náà dùbúlẹ̀, ó pè mí.

"Ìwọ ni wọn óo ní kó o kọ ìtàn ayé mi sínú ìwé ìsìnkú. Má pè mí ní ẹni mímọ́ o. Kọ ti obìnrin yẹn sí i. Mo ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé yóò wà níbẹ̀."

"Mo gbọ́, sà. Màá kọ ọ́."

Nígbà tó kú, mo kọ ọ́ lóòótọ́, gbólóhùn mẹ́ta péré. Alága ìgbìmọ̀ ìsìnkú, ọkùnrin kan tí oyè rẹ̀ gùn ju ọ̀nà Ìlọ́fà sí Ìlọrin lọ, gbé awò sójú.

"Ọ̀gá òǹkọ̀wé, ṣé ìwé ìsìnkú nìyí àbí ìwé ẹjọ́? Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ o! Orúkọ yín náà ń bẹ lẹ́yìn ìwé yìí, gàdàgbà, pẹ̀lú oyè yunifásítì yín."

Mo gba ìwé náà padà. Mo yọ gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo fi "ìràwọ̀ ìṣègùn tí kì í wọ̀" dí àyè wọn.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, bí wọ́n ṣe ń gbé pósí jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan fà mí láṣọ. Bàbá Òkè-Òpin ni, ọkọ obìnrin náà. Ó dorí ìwé ìsìnkú kodò lọ́wọ́, kò mọ̀wé.

"Ọmọ mi, ibo ni ti ìyàwó mi wà? Dókítà ní yóò wà níbẹ̀. Bá mi kà á."

Mo yí ìwé náà padà bó ṣe yẹ. Mo fi ìka sí abẹ́ ìràwọ̀ tí kì í wọ̀, mo sì ka ohun tí kò sí níbẹ̀: "Ó ṣàṣìṣe nígbà kan, ẹ̀mí obìnrin kan láti Òkè-Òpin sì bá a lọ. Kò gbàgbé rẹ̀ rí. Ẹ má ṣe rántí òun kí ẹ gbàgbé obìnrin náà."

Bàbá tẹjú mọ́ ibi tí ìka mi wà.

"Ó ṣe é," ó ní. "Dókítà kì í parọ́."

Ó fi èékánná fa ìlà sí ibi tí ìka mi wà, kí ibẹ̀ má baà sọnù mọ́ ọn lójú. Ó ká ìwé náà, ó fi sápò. Ó ní ọmọbìnrin òun tó jẹ́ tíṣà ní Obbo-Ayégúnlẹ̀ ń bọ̀ wálé lọ́la. Yóò tún kà á fún òun.