Nínú Ọkọ̀ Yìí, Yorùbá Nìkan

Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ní Benin ló gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ta ọkọ̀ náà. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá wa sọ ọ́, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì sọ ọ́, kódà ọkùnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ogida sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni mo sì jẹ òun náà lówó. "Madam, sell this motor chop now," ló ń wí, bí ẹni pé búrẹ́dì ni ọkọ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí wọn, màá sì bú wọn dáadáa nínú ọkàn mi. Ta ni nínú wọn ló bá mi rà á? Ẹnu mi mú, mo mọ̀. Ó ti ń mú kí iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan ní Sapele Road, níbi tí wọ́n ti ń ta táìlì àti páìpù omi. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, a dé ibẹ̀, a bá àgádágodo tuntun lẹ́nu géètì. Ọ̀gá wa ti lọ, owó oṣù wa tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti bá a lọ. Èmi ti fọkàn tán owó oṣù yẹn, mo ti tìtorí rẹ̀ yáwó lọ́tùn-ún lósì. Kí ọdún tó yí po, mo ti ta fíríìjì, mo ti ta jẹnẹrétọ̀, gbèsè sì wà ńlẹ̀ síbẹ̀, kò tilẹ̀ dà bíi pé mo ta nǹkan kan. Bàbá ọmọ mi ti lọ sí Àbújá kí ọmọ náà tó hu eyín, ẹ má ṣe bi mí nípa ìyẹn.

Ọkọ̀ nìkan ló kù, mi ò sì fẹ́ tà á. Wọ́n rò pé ìgbéraga ni. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni.

Benin ni mo bí i sí, ó sì ti di ọmọ Benin. Bí mo bá bá a sọ Yorùbá, yóò gbọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí mi ò fẹ́ kó gbọ́, ṣùgbọ́n Pidgin ni yóò fi dá mi lóhùn. Mi ò ka èyí sí bàbàrà títí ìyá mi fi ti Ìkìrun wá kí wa. Màmá gbé e sórí ẹsẹ̀, ó bi í pé kí ló jẹ nílé ìwé. Ọmọ mi ní, "Grandma, na rice we chop." Màmá tún béèrè nǹkan mìíràn, ọmọ tún dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Ìyá mi gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Ta lo bí ọmọ yìí fún?"

Nígbà tí Màmá padà sílé, mo fi òfin kan lélẹ̀ bí mo ṣe ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé: nínú ọkọ̀ yìí, Yorùbá nìkan, ẹni tó bá sọ èdè mìíràn máa sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ náà fi ojú yẹ̀yẹ́ wò mí. Ó ní, "Mommy, you no fit." Mo dá ọkọ̀ dúró létí Siluko Road, mo ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ tòun ti báàgì ìwé rẹ̀. Ìyá kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ mi: "Madam, wetin this small pikin do you?" Mo wo ọmọ mi, òun náà wò mí. Ó ní, "Mo… mo fẹ́ wọlé." Ìyá ẹlẹ́bọ̀ọ̀lì pàtẹ́wọ́, kò mọ ohun tó ń pàtẹ́wọ́ fún.

Láti ọjọ́ náà ni òfin ti múlẹ̀. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, tọwọ́ òsì, kò ṣeé fà lásán, àfi kéèyàn gbé e sókè díẹ̀ kó tó ṣí. Bí ọmọ mi bá ti gbé ìlẹ̀kùn yẹn sókè, tó jókòó, Yorùbá ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń kọsẹ̀, nígbà tó yá kò kọsẹ̀ mọ́. Nílé, àfi tí mo bá bi í ní nǹkan kó tó sọ̀rọ̀. Nínú ọkọ̀, òun ló ń fọ̀rọ̀ lọ̀ mí. Ó sọ ti tíṣà tó máa ń sùn ní kíláàsì fún mi, ó sì sọ fún mi pé òun máa ń lá àlá bàbá òun ṣùgbọ́n kì í ní ojú. Mi ò rò pé mo lè gbọ́ irú ìyẹn lédè Gẹ̀ẹ́sì láéláé. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, màá pe Màmá lórí fóònù kí n tó ṣáná sí ọkọ̀, òun àti ọmọ á jọ máa rojọ́, wọn á máa rẹ́rìn-ín, èmi á kàn jókòó máa gbádùn wọn.

Mo gbìyànjú kí òfin náà wọ inú ilé. Ọmọ náà rán mi létí pé, "Mommy, we no dey inside motor." Kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi náà ni mo ṣòfin.

Nígbà tí owó epo tán, mo gbé ọkọ̀ náà sábẹ́ igi máńgòrò ní kọmpáǹdì, a ò sì jáwọ́. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, àwa méjèèjì á wọ inú rẹ̀. Èmi á di ìdarí ọkọ̀ mú, òun á jókòó sẹ́yìn. Á ní, "Mọ́mì, ibo là ń lọ lónìí?" Màá ní Ìkìrun. A ti dé Ìkìrun lábẹ́ igi máńgòrò yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn ará ilé ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, "Mama, una never reach?" Mo ń juwọ́ sí wọn bí ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn kọjá. Ayọ̀ wà nínú rẹ̀ o, mi ò ní purọ́.

Onílé tí mo jẹ lówó ilé ni kò jẹ́ kó pẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ìyẹn ló sì burú jù, nítorí mi ò rí ohun tí mo lè fi bá a jà. Ó ní, "My daughter, I don try. Month end, another person dey come see the house." Ní alẹ́ ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ wa ni Alhaji, alága wa, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fóòmù ìbùsùn ni Alhaji ń tà ní Sapele Road, owó sì ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìmọ̀ràn.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mi ò ní sọ pé kó o ta ọkọ̀ rẹ."

Mo gbójú sókè.

"Láyé àwọn baba wa, bí nǹkan bá le fún èèyàn, kì í ta ọmọ rẹ̀. Ó máa ń fi í ṣe ìwọ̀fà ni. Ọmọ á máa ṣiṣẹ́ fún olówó. Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó náà pé, ọmọ á gba ilé baba rẹ̀ lọ. Màá yá ọ lówó ilé rẹ. Jẹ́ kí ọkọ̀ náà wá sìn mí títí wàá fi rí owó san."

Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe yé mi. Wọ́n á fi awakọ̀ sí i, yóò máa kó èrò. Gbogbo ohun tó bá pa di ti Alhaji, kò sì ní dín kọ́bọ̀ kan nínú gbèsè, nítorí iṣẹ́ ìwọ̀fà kì í san owó, èlé lásán ni. Ìṣirò ni iṣẹ́ mi, mo rí i lójú ẹsẹ̀ pé kò sí ibi tí ìṣirò yìí ti gbè mí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní èèyàn kì í ta ọmọ rẹ̀. Nínú gbogbo Benin, wọ́n ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, Alhaji. Ọlọ́run á gbè yín." Mo dìde níbẹ̀ bí ẹni tó borí.

Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ lọ, ọmọ mi dúró lábẹ́ máńgòrò, ó ń wo ilẹ̀ tí epo ti kán sí. Mo sọ fún un pé ọkọ̀ wa lọ síbi iṣẹ́ ni, á padà wá. Ó ní, "So motor get work, and you no get?" Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo wọ balùwẹ̀ lọ, mo ṣí omi ẹ̀rọ, mo sunkún.

Bí ọmọ mi ṣe pa Yorùbá tì nìyẹn. Mo to àga sí pálọ̀, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, mo ní kó wọlé ká lọ sí Ìkìrun. Ó wo àga, ó wò mí tàánútàánú. "Mommy, this one na chair." Màmá pè lọ́jọ́ Ìsinmi, ọmọ gba fóònù, ó ń mí sí i, kò sọ̀rọ̀. Màmá bi mí bóyá ara rẹ̀ ò yá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ń dín pọ́fùpọ́fù lọ tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ekosodin nígbà yẹn, wọ́n ń rà á láwìn. Ẹ wo ìṣòro ayé, èèyàn ń jẹ onígbèsè lówó. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Mo jí, mo dín, mo tà, mo sùn, gbèsè Alhaji sì dúró digbí.

Nígbà ìsinmi ilé ìwé, ilé iṣẹ́ kan ní Sapele Road ní kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mi ò rẹ́ni fi ọmọ tì, mo mú un dání. Wọ́n fi sùúrù sọ fún mi pé àwọn ń wá ẹni tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. A jáde bọ́ sí títì. Owó ọkọ̀ tó kù lọ́wọ́ mi ò lè gbé wa kọjá Ring Road, èyí tó kù dọwọ́ ẹsẹ̀. Ọkọ̀ kan ń bọ̀, awakọ̀ ń pariwo, "Ring! Ring! Two chance!" Mo ti mọ̀ ọ́n kó tó dúró. Mo yíjú sẹ́yìn pé kó kọjá lọ.

Ọmọ mi ti sáré dé ibẹ̀. Ó gbé ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn sókè díẹ̀, ó ṣí i. Awakọ̀ yí ọrùn padà. "Ah, small madam! Even me, that door dey worry me." Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo wọlé.

Ó bẹ̀rẹ̀ kí n tó jókòó tán. "Mọ́mì, wọ́n ti ya sítíkà mi kúrò níbí. Mọ́mì, kí ló dé tó ń rùn báyìí? Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo da Bọ́ńfítà sílẹ̀? Àpá ẹ̀ rèé." Gbogbo ohun tó ti kó pamọ́ láti ọjọ́ yìí wá ló ń tú jáde. Ó ní òun ti gba ipò kejì ní kíláàsì. Ó ní òun ò sọ fún mi nítorí mò ń ronú. Ó ní òun tún lá àlá bàbá òun, ó sì ti ní ojú báyìí, ṣùgbọ́n ojú Màmá ni. Ìyá arúgbó kan tó jókòó níwájú yíjú padà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá ọmọ. Àwọn ọmọ wa níbí kì í sọ Yorùbá báyìí." Mo ní ẹ ṣé, mà. Mò ń gbọ́ bí jíà ṣe ń lọ̀, mo ń rí èéfín lẹ́yìn wa. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ náà máa kú sọ́wọ́ Alhaji kí n tó rí owó tí màá fi rà á padà. Mo kọ̀, mi ò tà á, mo sì ti pàdánù rẹ̀ náà nìyẹn.

Awakọ̀ na ọwọ́ sẹ́yìn. "Madam, your money. Two people."

Ọmọ mi wo ọwọ́ náà, ó wá wò mí. "Mọ́mì, ṣé àwa náà máa sanwó ni?"

Mo san án.

Ní Ring Road, a sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ mi rọra ti ìlẹ̀kùn bó ṣe yẹ, ọkọ̀ náà sì wọ àárín àwọn yòókù lọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú kí mọ́tò má baà kọ lù ú. Mo bi í pé ṣé ó lè fẹsẹ̀ rìn dé Ogida.

Ó ní, "E far, Mommy. But I go try."