Ọjọ́ Tí Mo Dúpẹ́ Níbi Gbàǹjo

Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń pe ọkọ mi, torí ẹsẹ̀ ẹṣin ló máa ń kọ́kọ́ wò. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń bá àwọn olówó díyelé ọmọ ẹṣin eré ìje, ṣùgbọ́n abo kékeré tí a fẹ́ tà yìí ni àkọ́kọ́ tó jẹ́ tiwa. Bí a bá tà á dáadáa, a ó ra ilé tí a ń gbé, tòun ti ilé ẹṣin ẹ̀yìn rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, onílé ti ní ká kó jáde lópin oṣù.

Ọkọ mi ro iye eré tí ìyá ẹṣin náà ti gbégbá orókè, ó ro iye tí wọ́n ra ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo bó ṣe ń rìn: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tẹ̀ kọjá ojú ẹsẹ̀ tiwájú, àmì ẹṣin tó máa sáré. Ó wá kọ iye ìsàlẹ̀, èyí tí a ò ní tà á kéré sí. Mo wò ó, orí mi gbóná.

"Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀, ṣé ewúrẹ́ lẹ fẹ́ tà ni? Èyí ò lè ra ìdajì ilé!"

"Fara balẹ̀. Tí mo bá gbé e ga, kò sẹ́ni tó máa nawọ́ láti rà á. Èèyàn méjì ni mò ń wá. Tí méjì bá ti fẹ́ ẹ, àwọn fúnra wọn á gbé e ga."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Mo kùn títí a fi dé gbọ̀ngàn gbàǹjo.

Wọ́n mú ọmọ ẹṣin wa wọlé. Bí ọkùnrin onífìlà kan ṣe nawọ́ ní iye ìsàlẹ̀ gan-an, ayọ̀ gbé mi. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè: "Olúwa, o ṣeun o!"

"Ìyá aláṣọ pupa ti fi owó lé e!" ni alùgbàǹjo ké. Onífìlà náà sì tún fi lé e. Háà! Wọ́n rò pé mo ń rajà ni!

Tí mo bá panu mọ́, owó ń gòkè. Ṣùgbọ́n èmi ò fẹ́ ilé tí a fi irọ́ rà. Mo dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ra nǹkan kan o! Àwa la ni ín! Ọlọ́run ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu àga. Alùgbàǹjo ní òun dá a padà sí iye àkọ́kọ́. Ọkàn mi já. Àṣé obìnrin kan tó ń kọ́ ẹṣin ní eré wà lẹ́yìn, kò rẹ́rìn-ín, ẹṣin ló ń wò. Nínú gbogbo ariwo yẹn, ọmọ ẹṣin wa ò mira. Obìnrin náà nawọ́. Onífìlà bojú wẹ̀yìn, ó nawọ́. Obìnrin tún nawọ́. Hẹn-ẹn! Èèyàn méjì ti pé! Ó kọjá iye ìsàlẹ̀, ó kọjá iye tí èmi alára ní lọ́kàn, ó ṣì ń lọ. Mo jókòó lé ọwọ́ mi kí n má tún ṣèèṣì dúpẹ́.

Òòlù alùgbàǹjo dún gbàà! Obìnrin yẹn ló rà á. Ọkọ mi dì mí lápá mú.

"Ìyàwó mi, a ò kó jáde mọ́."

Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, ẹkún ni mo bú sí.