Jẹ́sì Tí Àgùnfọn Kò Wọ̀

Gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ rí Àgùnfọn ló máa ń bi í ní ìbéèrè kan náà: "Ṣé básíkẹ́ẹ̀tì lò ń gbá?" Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́ràn rẹ̀. Bí ènìyàn bá ga báyìí, ayé á ti bá a yan iṣẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó lanu. Èmi ò sì tíì rí i kí wọ́n dá ẹni kúkúrú dúró lójú títì kí wọ́n bi í pé, "Ṣé abẹ́ mọ́tò lò ń tún ṣe?"

Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sáré gba iwájú ara yòókù lọ. Sòkòtò tí ìyá rẹ̀ rà fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ìwé, ó ti di pénpé kí sáà náà tó parí. Olùkọ́ eré ìdárayá rí i níbi tó ti ń nawọ́ mú bàtà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jù sórí òrùlé kíláàsì, ó fà á lápá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ọ̀rọ̀ bù ṣe. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Àgùnfọn, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń sáré. Bọ́ọ̀lù yìí ló gbé e wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Wọ́n ń kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n fún un ní yàrá, wọ́n ń bọ́ ọ, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣáà ti wà nínú ikọ̀.

Ó wá sú u. Kì í ṣe pé ó ṣèṣe. Ká ní orúnkún rẹ̀ ló yẹ̀ ni, gbogbo ayé ì bá bá a kẹ́dùn, wọn ì bá sì jẹ́ kó sinmi. Ohun tó ń ṣe é kò gba báńdéèjì. Bó bá ti gbọ́ tí bọ́ọ̀lù ń dún gbì-gbì lórí pákó gbọ̀ngàn, apá rẹ̀ á wúwo bíi ti ẹni tó pọnmi láti òwúrọ̀. Ẹ̀kọ́ ìwọ̀n-ilẹ̀ ló ń kọ́, ó sì fẹ́ràn kó dúró ní pápá tó dákẹ́, kó fi ojú kan wo inú ẹ̀rọ ìwọ̀n, ṣùgbọ́n orí tábìlì ló máa ń sùn sí nínú kíláàsì, ẹnu lílà sílẹ̀. Olùkọ́ kan tiẹ̀ ti sọ pé kí wọ́n má jí i mọ́, pé ó kéré tán, tó bá ń sùn kò ní dí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lójú.

Nígbà tí ìdíje ọdún yìí kù sí dẹ̀dẹ̀, ó lọ bá kóòṣì nínú yàrá tí wọ́n ń kó ohun èlò sí. Kóòṣì ń fẹ́ atẹ́gùn sínú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́.

"Kóòṣì, ẹ má bínú, sà. Mo fẹ́ fi ikọ̀ sílẹ̀."

Kóòṣì kò gbójú sókè. "Kó o lọ síbo? Ta ló ń fà ẹ́ lọ́wọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ń fà mí, sà. Ó rẹ̀ mí ni."

"Ó rẹ gbogbo wa."

"Kì í ṣe irú èyí tí orun ń wò, sà."

Ìgbà náà ni kóòṣì tó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ó wo ọmọkùnrin náà látòkè délẹ̀, ìwò náà sì pẹ́ díẹ̀, nítorí ara tó fẹ́ wò gùn. "O mọ̀ pé tó o bá ti kúrò, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà kúrò nìyẹn?"

"Mo mọ̀, sà. Àwọn sọ̀féyọ̀ kan tó ń wọn ilẹ̀ ti ní kí n wá máa bá àwọn gbé ọ̀pá ìwọ̀n láràárọ̀. Mo máa fi owó rẹ̀ san owó ilé-ìwé díẹ̀díẹ̀." Àwọn sọ̀féyọ̀ náà kò kúkú bi í ní ìbéèrè kankan. Gíga rẹ̀ ni wọ́n wò tí wọ́n fi ní kó máa bọ̀.

Kóòṣì mí kanlẹ̀. "Kí ni màmá ẹ sọ sí i?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Àgùnfọn kò tíì sọ ohunkóhun fún ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá sọ bẹ́ẹ̀, kóòṣì á ní kó padà lọ sọ ọ́ ná, á sì tún di ìpàdé mìíràn, àlàyé mìíràn, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Mo ti sọ fún wọn, sà. Wọ́n gbà."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Àgùnfọn kò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni wọ́n máa wọ jẹ́sì.

Kóòṣì yìí ní àṣà kan tí àwọn ikọ̀ yòókù fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi jẹ́sì ránṣẹ́ sílé ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó tọ́ ọmọ dàgbà ni yóò fọ̀ ọ́, tí yóò lọ̀ ọ́, tí yóò gbé e wá sí gbọ̀ngàn, tí yóò sì wọ̀ ọ́ sí ọmọ náà lọ́rùn lójú gbogbo ikọ̀. Kóòṣì ní ẹni tó kọ́kọ́ wẹ ènìyàn ló yẹ kó wọṣọ fún un. Ẹni tí kò bá sì gbá mọ́ lẹ́yìn tí jẹ́sì ti délé, òbí rẹ̀ ni yóò dá jẹ́sì padà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ìyá Àgùnfọn kò ga dé ìgúnpá ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, lọ́dọọdún ni ọmọ á kúnlẹ̀ lórí pákó, tí ìyá á kọ́kọ́ fà á létí díẹ̀ kó tó ki jẹ́sì bọ̀ ọ́ lórí, tí gbogbo gbọ̀ngàn á sì bú sẹ́rìn-ín.

Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá kan ni ìyá náà ti ń ṣiṣẹ́ òru. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó fẹ̀ tó ògiri yàrá. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀ á di etí aṣọ ibùsùn mú, ẹni kan lápá ọ̀tún, ẹni kan lápá òsì, wọ́n á fi fún ẹ̀rọ náà jẹ, ẹ̀rọ á sì bì í jáde lódìkejì ní gbígbóná, ní títẹ́ pẹrẹsẹ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é títí ilẹ̀ á fi mọ́ nìyẹn. Bó bá dé ilé, á sùn díẹ̀, á dìde, á lọ wo bọ́ọ̀lù ọmọ rẹ̀. Kò pa ọjọ́ kan jẹ rí.

Ohun tó di Àgùnfọn lẹ́nu gan-an nìyí. Ìyá rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń bínú, ìbínú ì bá tiẹ̀ rọrùn. Báwo ni ènìyàn ṣe fẹ́ sọ fún ẹni tó ti ibi iṣẹ́ òru wá wòran pé ìran náà ti sú òun? Síbẹ̀, ó fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu òun kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Bó bá gbọ́ ọ níta, ó mọ̀ pé ìyá òun kò ní pariwo, kò kàn ní gba òun gbọ́ mọ́ ni.

Ó lọ sílé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, ó jókòó sétí ibùsùn.

"Ẹ kú àárọ̀, Màámi. Ẹ kú iṣẹ́ òru."

"Ọkọ mi. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà. Mo fẹ́ bá yín sọ nǹkan kan."

"Sọ ọ́, mò ń gbọ́." Ó bọ́ bàtà kan. "Mo ti lọ jẹ́sì ẹ o. Inú ẹ̀rọ níbi iṣẹ́ ni mo ti lọ̀ ọ́. Ọ̀gá wa ní ṣé inú jẹ́sì ni àwọn aláìsàn ń sùn sí báyìí ni."

Àgùnfọn rẹ́rìn-ín. Kó tó wá ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ máa gbà jáde, ìyá rẹ̀ ti sùn lọ ní ìjókòó, bàtà kan lọ́wọ́, bàtà kan lẹ́sẹ̀. Àgùnfọn gba tọwọ́, ó bọ́ tẹsẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí ibùsùn. Jẹ́sì náà wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó tẹ́ bíi bébà. Ó tún wá lọ́jọ́ kejì, ó bá ìyá rẹ̀ lórí fóònù tó ń sọ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin pé ọjọ́ jẹ́sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, pé lọ́tẹ̀ yìí òun á fà á létí méjèèjì. Ọ̀rọ̀ dé ẹnu, ó padà sínú.

Ó wá bá ara rẹ̀ sọ pé kò burú, òun á pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ lọ́jọ́ náà, òun á sọ ọ́ kí wọ́n tó dé gbọ̀ngàn. Ó dúró, dúró. Bọ́ọ̀sì wá, bọ́ọ̀sì lọ, kò rí ìyá rẹ̀. Kò mọ̀ pé dírẹ́bà ilé ìfọṣọ ti ṣe ìyá òun lóore, ó ti fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Fóònù rẹ̀ dún. Kápúténì ikọ̀ ni.

"Àgùnfọn, níbo lo wà? Màmá ẹ ti wà níbí o."

Ó sáré bí kò ṣe sáré rí nínú ìdíje kankan. Nígbà tó fi dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, kóòṣì ti ń nawọ́ gba jẹ́sì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ ṣeun gan-an tẹ́ ẹ gbé e wá fúnra yín. Ẹlòmíì ì bá fi ránṣẹ́."

Ìyá náà fa jẹ́sì sẹ́yìn. "Ẹ ní sùúrù, Kóòṣì. Ọmọ mi ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́ fún, ó máa tó dé."

"Màmá, ọmọ yín ti fi ikọ̀ sílẹ̀. Ó ní ẹ ti gbọ́, pé ẹ gbà bẹ́ẹ̀."

"Irọ́ ni." Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn náà máa ń gbé ohùn, gbogbo àwọn òbí ló gbọ́. "Bí ọmọ mi bá fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀, èmi ni mo máa kọ́kọ́ mọ̀. Àgbàlagbà bíi tiyín, ẹ má parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Òpùrọ́ ni yín."

Kóòṣì ti rí Àgùnfọn lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ojú yí sí ibẹ̀, ìyá rẹ̀ náà yíjú.

"Wá sọ fún wọn," ó wí.

Ojú ti Àgùnfọn, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ wò ó títí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ká jẹ́sì náà, ó ká a sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ níbi iṣẹ́, ó gbé e lé kóòṣì lọ́wọ́, ó sì jáde.

Àgùnfọn bá a lórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ó jókòó sí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ rẹ̀, orí wọn wá dọ́gba.

"Ó ti sú mi, Màámi."

"Láti ìgbà wo?"

"Ká sòótọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ wù mí rí. Torí pé inú yín máa ń dùn tẹ́ ẹ bá ń wò ó ni."

"Ta ló sọ fún ẹ pé inú mi ń dùn?"

"Ẹ ò pa ọjọ́ kan jẹ rí."

"Tí mi ò bá wá, ta ló fẹ́ wá wò ẹ́? Títí dòní, mi ò mọ ìdí tí bàbá tó ń sáré láàárín yín yẹn fi máa ń fọn fèrè. Tí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá pàtẹ́wọ́, èmi náà á pàtẹ́wọ́." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀gá wa ní kí n wá máa ṣiṣẹ́ ọ̀sán. Mo ní rárá. Wọn ò ní í jẹ́ kí n kúrò níbi iṣẹ́ títí bọ́ọ̀lù yín á fi tán, ọmọ mi á wá máa wojú, kò ní rí mi. Wọ́n ti fún ẹlòmíì ní iṣẹ́ ọ̀sán náà báyìí."

Àgùnfọn yíjú sí i. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ìwọ ńkọ́? Kí ló dé tó ò sọ fún mi?" Kò dúró gbọ́ ìdáhùn. "Mo lè ti máa sùn lóru bí èèyàn. Gbogbo ọdún wọ̀nyí."

Ìyá rẹ̀ wá tì í léjìká. "Wọlé padà. Mo pe kóòṣì yín ní òpùrọ́ lójú gbogbo ayé. Lọ sọ fún wọn pé ìwọ lo parọ́, kó o bá mi bẹ̀ ẹ́. Èmi ò lè wọ ibẹ̀ mọ́, ojú ń tì mí."

Ó wọlé. Ó dúró níwájú àwọn òbí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní òun lòun parọ́, pé ìyá òun kò mọ nǹkan kan, pé kóòṣì kò jẹ̀bi. Ó sọ ọ́ tán. Kóòṣì mi orí, ó ní kó bá òun kí màmá rẹ̀. Kápúténì gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n fọn fèrè, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Nígbà tó jáde, ìyá rẹ̀ ti sùn lọ lórí àtẹ̀gùn, orí rẹ̀ fara ti ògiri. Ìrọ̀lẹ́ ló máa tún padà síbi iṣẹ́. Bọ́ọ̀sì tó yẹ kí wọ́n wọ̀ dé, ó lọ. Àgùnfọn jókòó tì í, ó gbé orí rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó gbé e lé èjìká ara rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn, bọ́ọ̀lù ti ń dún gbì-gbì.

Ìyá rẹ̀ kò lajú. Ó kàn béèrè láti inú orun bí ẹni tó ti ń béèrè bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀:

"Ṣé ẹ borí?"

"A ò gbá a, Màámi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó wí, ó sì ń sùn lọ.